Ilẹ̀kùn Mẹ́ta

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi ń lọ ra aṣọ ní Kútọnu tí n kò mọ ibì kan níbẹ̀ ju ọjà Dantokpa lọ. A ó gbéra ní Adó-Èkìtì ní ìdájí, a ó gba Àkúrẹ́ àti Oǹdó já sí Ọ̀rẹ̀, a ó sùn ní Èkó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, a ti wà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ní Sẹ̀mẹ̀ a ó ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, a ó sọdá ibodè, a ó máa wo àwọn tó ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò ńláńlá lẹ́bàá títì, títí a ó fi dé etí ọ̀sà tí ọjà náà wà. Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ ni tààrà. N ó tú aṣọ, n ó yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé ojúlówó àǹkárá kò ní ẹ̀yìn. Bí àwọ̀ ṣe mú níwájú ló ṣe mú lẹ́yìn. N ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí etí rẹ̀. N ó ná an, n ó dì í, ó parí. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ní kí a yà wo ìlú, a ó dá a lóhùn pé ọjà la bá wá, a kò bá ìran wá.

Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Òun náà ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Adó kí n tó gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì máa ń sọ fún mi bí mo bá ń palẹ̀ mọ́ ni pé owó kì í dúró de ẹni tó ń wòran. N kò ní bá a jà lórí èyí. Ẹni tó bá fi owó àjọ ra ọjà mọ ohun tí ọjọ́ kan ń jẹ: owó ilé tí a sùn, owó oúnjẹ, owó alábàárù, àti ọkàn tí kò balẹ̀ nítorí ohun tí a so mọ́ ìbàdí. Àwọn tó ṣáájú wa rin ìrìn tó jìn ju tiwa lọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn ìyá aláṣọ ilẹ̀ wa ti ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Lustenau, ìlú kékeré kan ní Austria, láti lọ fi ẹnu ara wọn sọ irú léèsì tí wọ́n fẹ́ fún àwọn tó ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ léèsì tí a fi ṣe ìyàwó, tí a fi sin òkú àgbà, ìrìn ẹsẹ̀ wọn ló mú un wálé. Mo máa ń ronú nípa wọn. Ǹjẹ́ wọ́n ráyè gbójú sókè wo àwọn òkè tí yìnyín bò nítòsí ibẹ̀, àbí etí aṣọ nìkan ni wọ́n kà tí wọ́n fi padà sílé?

Ọdún 2017 ni nǹkan yí padà fún mi. Léèsì ni mo bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sí àwọn ìsọ̀ tó wà ní Wentworth Street, nítòsí Liverpool Street, níbi tí ẹnu àwa oníṣòwò ti máa ń jẹ́ kí Yorùbá ròkè bí ẹni pé Ọjà Ọba la wà. Mo ra ohun tí mo fẹ́ rà, mo kó o fún àwọn oníkágò ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni n ó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ọjọ́ Ẹtì wá dá wà láàárín, kò ní iṣẹ́ kankan nínú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo dé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Peckham ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sí British Museum, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ ibẹ̀." N kò fẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ ń ro mí, oorun ni mo fẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n ó ti gbàyè níbi iṣẹ́ nítorí mi, n kò lè jẹ́ kó ṣòfò.

Ilé náà tóbi ju ohun tí ojú lè kó lọ́jọ́ kan. A rìn láàárín àwọn òkúta Íjíbítì àti ti Gíríìsì títí ó fi rẹ̀ mí, ọmọ náà wá ní ti ilẹ̀ Áfíríkà wà nísàlẹ̀. A sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ilẹ̀kùn kan, onígi, apá méjì. Kí n tó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ara mi ti sọ fún mi pé ilé ni nǹkan yìí ti wá. Mo wá kà á: ààfin Ògògà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ìlú ìyá mi ni Ìkẹ́rẹ́. Láti ìsọ̀ mi ní Adó, bí títì bá dá, mo lè lọ kí ẹbí níbẹ̀ kí n sì padà kí ọbẹ̀ tó jiná.

N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níwájú rẹ̀. Ojú aláṣọ ni mo fi wò ó nítorí ojú tí mo ní nìyẹn: mo wo bátànì, mo wo etí, mo wá ibi tí ọwọ́ ti kù. Ọwọ́ kò kù níbì kankan. Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò kàn ya àwòrán sára igi, ṣe ló ń fa ènìyàn jáde láti inú igi. Orí àwọn kan yọ síta débi pé òjìji wọn ń bọ́ sára àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, adé ìlẹ̀kẹ̀ lórí rẹ̀, olorì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀ wá kí i, ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, orí àwọn ènìyàn ni wọ́n fi gbé e. Àwọn aláàárù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹrù lórí. Mo wo ọrùn àwọn aláàárù yẹn dáadáa. Mo mọ irú ọrùn bẹ́ẹ̀ ní Dantokpa, bó ṣe máa ń le gbagidi tí ojú á máa wo iwájú nìkan. Ẹ̀yìn àwọn ènìyàn náà kò ṣófo. Ọnà wẹ́wẹ́ ló kún un bí aṣọ híhun, àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún sì ṣì kù díẹ̀díẹ̀ nínú kọ̀rọ̀ igi náà.

Ọlọ́wẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, Ìsẹ̀-Èkìtì ló gbé ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀ kí òkìkí rẹ̀ tó mú kí àwọn ọba mìíràn máa ránṣẹ́ pè é. Ó kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Ní ọdún 1924, ilẹ̀kùn náà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ti British Museum rí i, ó wù wọ́n. Wọ́n fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Ohun tí kábíyèsí gbà ni pààrọ̀: kí wọ́n ṣe ìtẹ́ fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì mú ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò lè gbọ́ èyí kó máa lọ. Èmi kò lè máa lọ. Pààrọ̀ ni òwò tó dàgbà jù, mo sì mọ òfin rẹ̀: ẹni méjèèjì gbọ́dọ̀ lè sọ pé rárá. Ọba Ìkẹ́rẹ́ sọ rárá sí owó, mo bọlá fún un nítorí ìyẹn. Ó ná ọjà náà bí ẹni tó mọyì ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó fẹ́ ra ọjà bá tún jẹ́ ẹni tí ìlú rẹ wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, tí ọjà sì ti kúrò nílé, tó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn òkun, rárá mélòó ló kù lẹ́nu rẹ? Mo dúró síbẹ̀, mo gbé ìtẹ́ sí apá kan, mo gbé iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ sí apá kejì, mo ń ṣírò. Ìṣirò náà kò jáde títí di òní.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe ìyá mi lórí fóònù. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ọba, olorì, àwọn aláàárù. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ó wá ní, "Ṣé ikán ò tíì jẹ ẹ́?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Ó le koko."

Ó ní, "Ó dáa." Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó béèrè iye tí mo ra léèsì.

Àìmọye ìgbà ni mo ti kọjá níwájú ààfin yẹn nígbà èwe mi, tí a bá lọ bá àwọn ẹbí ìyá mi ṣe ọdún Olósùnta. Òkè ni a máa ń wò. N kò gbọ́ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni òpó kan tó gbẹ́ fún ààfin kan náà wà ní Chicago títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. A máa ń pa á lówe pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Tèmi yí padà: ohun tó yẹ kó wà nínú àpò ṣòkòtò ni mo lọ bá ní Sókótó. Bí mo bá fi Ọjọ́ Ẹtì yẹn sùn, léèsì nìkan ni n bá kó bọ̀.

N kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ìgbafẹ́. Bí wọ́n bá fún mi ní owó pé kí n lọ máa rìn gbéregbère ní ìlú onílùú, kò dájú pé n ó lọ. Ṣùgbọ́n mo rí i lọ́jọ́ yẹn pé àwọn ìlú tí mo ti ń ra ọjà ní ìwé ìṣirò tiwọn, ó sì jọ pé orúkọ wa wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọjọ́ kan tàbí méjì kún ìrìn òwò. Àwọn tí a jọ ń lọ máa ń bi mí bí mo ṣe ń ṣe é. Ní Kútọnu, kí n tó ra ohunkóhun ni mo máa ń lò ó, nítorí bí ẹrù bá ti wà nílẹ̀, ẹrù ni a ó máa ṣọ́. Ọkàn kò lè sí lára ìlú. Mo máa ń fi owó ọjà pamọ́ sọ́dọ̀ oníbàárà mi tí mo fọkàn tán, mo máa ń mú owó ọkọ̀ àti oúnjẹ nìkan dání. Ohun tí ọjọ́ náà ń jẹ, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé ọjà bíi owó alábàárù, nítorí ara òwò ni.

Ní ọdún 2018 mo kọ́kọ́ lọ sí Àjàṣẹ́, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ó dùn mọ́ mi nínú láti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn ọmọ kékeré ibẹ̀, kí n sì rí mọ́sáláṣí ńlá tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì láti òkèèrè nítorí pé àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wá ló mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wálé. Àmọ́ Ouidah ni mo fẹ́ sọ.

Glexwe ni àwọn Fọn ń pè é. Ó wà ní ìwọ̀ oòrùn Kútọnu, kò jìn púpọ̀. Ojúbọ erè kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà níbẹ̀, títì kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Láti àárín ìlú, ọ̀nà kan wà tó gùn tó kìlómítà mẹ́rin, tó já sí òkun. Ojú ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń da àwọn ẹrú gbà. Mo ní n ó fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ilẹ̀ pupa ni, oòrùn sì mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú mi lọ fi ibi tí igi ìgbàgbé wà hàn mí: wọ́n ní ọkùnrin á yí i po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ó fi ibi tí wọ́n ń pè ní Zomaï hàn mí, ìyẹn ni pé iná kì í débẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó ènìyàn sí nínú òkùnkùn títí ọkọ̀ yóò fi ṣe tán. Nígbà tí a dé etí òkun, mo rí ilẹ̀kùn kejì. Ọdún 1995 ni wọ́n ṣí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ilẹ̀kùn Àìpadàbọ̀. Ó ga, àwọn ènìyàn tí wọ́n so ní ẹ̀wọ̀n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sára rẹ̀, wọ́n ń rìn lọ sínú omi. Kò ní ohun tí a fi ń tì í. Ẹnu ọ̀nà lásán ni, ìgbì òkun ló wà ní òdì kejì.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa ọ̀gákọ̀ òyìnbó kan, William Foster, tó wá láti Alabama ní ọdún 1860. Mo wá ìtàn rẹ̀ kà lálẹ́ ọjọ́ náà. Òwò ló bá wá. Ó kó wúrà 9,000 dọ́là dání, ó kó àgbá ọtí àti àwọn ẹrù mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti ọdún 1808. Ọmọ ọba kan gbà á lálejò, ó sì mú un káàkiri wo ìlú, títí dé ibi tí wọ́n kó ejò rẹpẹtẹ sí. Ẹ̀yìn ìran yẹn ni wọ́n mú un lọ síbi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn sí, ó ń fi ọwọ́ tọ́ka, ó ń yàn. Àwọn bí 110 ló kó sínú ọkọ̀ Clotilda. Ọ̀kan nínú wọn ni Oluale Kossola, ọmọ Yorùbá, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó nílé. Alabama ló kú sí ní ọdún 1935, kò fojú kan ìlú rẹ̀ mọ́.

Foster náà da òwò pọ̀ mọ́ ìran. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Ọjọ́ tí mo rí ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́, mo rò pé wíwo ìlú nìkan ti tó, pé ẹni tó bá ti yà wòran yóò dára ju ẹni tó gba ọjà lọ tààrà. Ọkùnrin yìí wo ìlú dáadáa. Ó rí ejò, ó rí ààtò, ó rí bí ọmọ ọba ṣe tóbi tó, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ènìyàn tó wà níwájú rẹ̀ ni kò rí, iye tó lè tà á ló rí. Aṣọ pẹ̀lú wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra ènìyàn ní etíkun yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣọ, òwò tí a fi bọ́ mi dàgbà. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé Dantokpa, oníbàárà mi na àǹkárá aláwọ̀ búlúù kan sí mi. Mo di etí rẹ̀ mú, mo yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìṣe mi, n kò sì lè dá iye kan. Mo ní kó bá mi bu omi.

Ìjọba wa ti ibodè pa ní oṣù Ògún ọdún 2019, ó di oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2020 kí wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà. Fún àkókò yẹn, orí fóònù ni èmi àti oníbàárà mi ti ń rí ara wa. Ọmọ Kétu ni, ìlú Yorùbá kan lẹ́yìn ibodè. Mo jù ú lọ díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí. Mo ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ fún un tó ìgbà mẹ́wàá.

Nígbà tí mo padà débẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2022, òun ló ní kí a má tíì ṣí ìsọ̀. Faransé ti dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà ní oṣù Bélú ọdún tó ṣáájú, àwọn èyí tí ọmọ ogun wọn kó ní ààfin Abomey ní ọdún 1892, wọ́n sì pàtẹ wọn sí ààfin ààrẹ ní Kútọnu fún gbogbo ènìyàn. A tò sórí ìlà. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wà níwájú wa, àwọn ìyá àgbà tó wọ aṣọ ọdún wà lẹ́yìn wa, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan gbé ọkọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n tò pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè lọ́rùn. Nínú lọ́hùn-ún ni mo ti rí ilẹ̀kùn kẹta. Mẹ́rin ni wọ́n, láti ààfin Glèlè, ọba Dahomey, onígi, ọlọ́nà, àwọ̀ ṣì wà lára wọn.

Ní ayé Glèlè kan náà ni wọ́n kó Kossola lẹ́rú. Ní ayé rẹ̀ náà ni wọ́n fọ́ Kétu ní ọdún 1886. Mo wo oníbàárà mi. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá.

Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó fọ́ ìlú wa ló ni ilẹ̀kùn yìí." Omi ti lé sí i lójú. "Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ó dé. N kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. A jọ dúró bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a jáde, tí a ń wá ọkọ̀ padà sí ọjà, ó bi mí pé, "Tiyín ńkọ́, èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀. Pààrọ̀ la ṣe é, wọ́n fún wa ní ìtẹ́."

Ó dúró, ó wò mí bí oníṣòwò ṣe máa ń wo oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìtẹ́ yẹn wá ńkọ́? Ẹ ti lọ wò ó?"

Ọdún márùn-ún ni mo fi ń ṣírò pààrọ̀ yẹn, n kò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan wọ ààfin láti lọ wo ìdajì rẹ̀ tó kù sílé. A ra ọjà wa lọ́jọ́ kejì, mo sì sọdá. Nígbà tí mo dé Adó, mo já ẹrù sílẹ̀ níwájú ìsọ̀, mo ní kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi jókòó tì í, mo kọjá sí ibùdókọ̀, mo wọ ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́.